Rọ́bà Inú Ikùn: Ọ̀nà Ìyè, Ọ̀nà Àrùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ mu. Ara wọn ni ògiri; oníṣègùn ni ó la ògiri náà lẹ́nu, kí ó lè gba ẹ̀mí wọn là.

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ìdọ̀tí àti àpọ̀jù omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é mọ́, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ìfun nínú ikùn lè di asẹ́ dípò rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń da omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, bíi lítà 2, sínú ikùn. Ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba ara awọ náà bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọn yóò jẹ́ kí ó ṣàn jáde, wọn yóò sì da tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń ṣe èyí ní ìgbà 4 lóòjọ́ nínú ilé ara wọn.

Ní 1968, Henry Tenckhoff, oníṣègùn ní Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé rọ́bà sílíkónì kan jáde tí ó ní ìdè Dacron 2 lára. Ẹran ara a máa hù wọnú ìdè wọ̀nyí, a sì dínà mọ́ kòkòrò àrùn. Síbẹ̀, ewu kò tán.

Èkíní ni àkóràn. Ojú ihò tí rọ́bà gbà jáde lè pọ́n, kí ó wú, kí ó sì máa ṣọyún. Bí kòkòrò bá tọ ipa rọ́bà wọlé, tàbí bí ọwọ́ bá kan ẹnu rọ́bà nígbà tí a ń pààrọ̀ omi, inú ikùn gan-an ni yóò kó àrùn. Omi tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara yóò ṣú bí omi ògì, inú yóò sì máa run aláìsàn. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Kí ó gbé omi náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àìsàn yìí lè ba awọ náà jẹ́, ó sì lè pani.

Èkejì ni ìṣòro rọ́bà fúnra rẹ̀. Omi lè wọlé kí ó má jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbẹ́ líle tí ó kún ìfun ni ó ń fà á, nítorí náà oògùn tí ń mú inú rọ̀ ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ lò. Nígbà mìíràn, rọ́bà a yí kúrò ní ìsàlẹ̀ ikùn, tàbí kí ọ̀rá inú wé mọ́ ọn. Bí wọ́n bá tètè lò ó jù, omi a máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró bí ọ̀sẹ̀ 2 kí ọgbẹ́ lè jinná. Ìwúwo omi náà tún lè fa ìpá.

Níbo ni ààbò wà? Ọwọ́ aláìsàn ni èyí tí ó pọ̀ jù wà: kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó bo imú àti ẹnu, kí ó ti fèrèsé, kí ó sì pa fáànù kí ó tó tú rọ́bà. Àwọn kan lè rò pé ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó lè ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni olùkọ́ tí ó ní sùúrù, tí yóò fi hàn án, tí yóò wò ó bí ó ti ń ṣe é, tí yóò sì tún un kọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ògiri ti lanu ná. Onílé ni a gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ aláǹgbá.