Ẹni tí Ọ̀rọ̀ ti Ẹnu Rẹ̀ Wá

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Kò gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kalẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó dárúkọ Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, àti David Kúkọ̀mí ti Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ orúkọ ìwé àti ojú-ewé tí ó ti mú ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó mà ṣe o, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi ṣe ìwé náà ní ọ̀tun, tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921.