Ọ̀bẹ Tí Kì Í Gé Nǹkan

Ó dùn wá pé ní Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá, àwọn ọmọ ń ta ọ̀bẹ àtijọ́ inú àpótí bàbá wọn láì béèrè ohun tó jẹ́. Ẹ wo udàmalore ti Ọ̀wọ̀ (udà ni wọ́n ń pe idà níbẹ̀). Èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ kì í ṣe ohun ìjà. Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ńlá ni í fi í ṣe ọ̀ṣọ́, kí a lè dá ọmọ bíbí ire mọ̀. Bí ẹ bá rí tiyín, ẹ wò ó: kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé ojú rẹ̀ mú? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbé e jáde? Àgbà ìdílé ni kí ẹ bi, kí oníṣòwò tó dé.