Bàtà Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rìn

Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí: "Fún mi ní èyí tó tóbi, á wọ̀ ọ́ dọdún tó ń bọ̀." Èmi náà sọ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi kọsẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan kán.

Nínú ilé, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ lásán rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á le. Lóde, ẹ wọ bàtà fún un, torí aràn inú ilẹ̀ ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Kí ìsàlẹ̀ bàtà rọ̀, kó lókùn lẹ́yìn. Tó bá dìde dúró, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan kù níwájú ìka rẹ̀. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ tún un wò.

Àwọn ọmọ wa ò ní fẹsẹ̀ kọ o. Àmín.