Kí Ni Ó Kọ Síbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí ó ti gbó ni, tí ó kọ̀ tí kò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àti ohun tí ìwé kíkà ṣe fún wa lọ́jọ́ náà.

Púpọ̀ nínú yín ti rí kọ̀ǹpútà náà nílé wa. Òun ni ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀, tí a fi aṣọ bò nítorí eruku. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. Àlòkù ni nígbà tí a rà á. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa wà, láti ọdún 2014. Inú rẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ owó àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá wà. Bí ó bá kú, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó kú.

Iná lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí iná dé, a tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funfun mélòó kan sí i, ó sì dúró síbẹ̀ gbagidi. Àwọn ọmọ ilé ní, "Bàbá, ó ti bàjẹ́ o!" A pe ọkùnrin kan tí ó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kò wo ohun tí ó kọ sójú rẹ̀. Ó ní pátákó ńlá inú rẹ̀ ti jóná, kí á mú ₦60,000 wá. Ó tún ní òun yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, díẹ̀ ló kù kí á gbà. Àwa tí a ń sọ fún yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ má ṣe tẹ ìka sí ìwé tí ẹ kò kà, àwa gan-an ti ń ka owó lọ́wọ́! Ìyá kan tí ó wà láàárín yín níhìn-ín ni ó gbà wá. Oṣù yẹn ni ó yẹ kí ó kó àjọ rẹ̀, ó sì wá wo iye tí ó ní. Ó jókòó, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá Tíṣà, kí ni ó kọ síbẹ̀?"

Ojú tì wá. A kò tíì kà á. A mú ìwé àti pẹ́ńsù, a dà á kọ bí ó ti wà. Ohun tí ó kọ ni "CMOS Date/Time Not Set". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò tíì fi ọjọ́ àti àkókò sí i. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé nǹkan kan jóná. A bẹ ọkùnrin náà pé kí ó máa lọ ná.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé. Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń yẹ ara rẹ̀ wò, bí olùkọ́ ti í pe orúkọ ní òwúrọ̀. Kíbọ́ọ̀dù dà? Ó wà. Dísíìkì tí ó jẹ́ àpótí ìwé rẹ̀ dà? Ó wà. Aago dà? Èyí tí kò bá dáhùn, òun ni kọ̀ǹpútà ń kọ sójú kí á lè rí i. BIOS ni wọ́n ń pe olùkọ́ tí ó ń pe orúkọ yìí nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Aago inú rẹ̀ kì í sùn, bí a tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré kan ni ó ń bọ́ ọ, ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Nínú púpọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 3. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, á rẹ̀ ẹ́. Bí iná bá sì lọ pẹ́, òun nìkan ni yóò máa dá iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tiwa nìyẹn.

Báyìí ni a ṣe tún un ṣe:

1. A pa kọ̀ǹpútà, a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná pátápátá.
2. A tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.
3. A wo ojú bátìrì tí ó kọjú sókè, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. A yọ ọ́, a fi tuntun sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.
4. A dé e padà, a tan án. Ó ní kí á tẹ F1. A tẹ̀ ẹ́. A fi ọjọ́ àti àkókò sí i, a sì fi í pamọ́.

Inú wa dùn, àfi bí ó tún ṣe dúró! Ó kọ "Reboot and Select proper Boot device". A dà á kọ. Ó ń sọ pé ibi tí òun ti fẹ́ kó ètò iṣẹ́ òun, òun kò bá nǹkan kan níbẹ̀. A wo ara rẹ̀ yí ká. Fláàṣì ọmọ wa kan ni ó há sí i lẹ́yìn! Nígbà tí bátìrì kú, kọ̀ǹpútà gbàgbé ìlànà tí a fún un, ó wá ń lọ síbi fláàṣì kí ó tó dé ibi dísíìkì. A yọ fláàṣì náà, a tún un tàn. Ó jí. Gbogbo orúkọ wà níbẹ̀. Àjọ ìyá wa wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ kò dín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ti ilé. Bí dísíìkì bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ pa á, ẹ má ṣe máa tàn án tàn án. Ẹ wá ẹni tí ó lè kó ohun inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná, ẹ yọ wáyà. Ẹ má sì ṣe tú àpótí irin tí iná ń gbà wọlé, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Kí kọ̀ǹpútà tó ṣàìsàn rárá, ẹ da ìwé yín kọ sórí fláàṣì. Ní tiwa, a tún tẹ orúkọ yín àti owó àjọ sórí bébà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Kò burú. A B D tí ẹ kọ́ níhìn-ín, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Ẹ dà á kọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

A kò pe ọkùnrin náà ní olè. Kò kà á ni. Àwa náà kò kà á. Ìyá wa tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ A B D ní ọdún tí ó kọjá ni ó rántí pé ohun tí a kọ, kíkà ni a ń kà á. Ẹ jẹ́ kí á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dàárọ̀ o.