ÒǸKÀ ARA FÍÌMÙ: TA NI YÓÒ KÀ Á?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ojú àti etí kẹ́ ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ìgàndò, òfin ọdún 1993 ni ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ National Film and Video Censors Board sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo fíìmù kí ó tó di títà, kí ó sì sọ ọjọ́ orí ẹni tí ó tọ́ sí. G wà fún tọmọdé tàgbà. PG ń pe òbí pé kí ó tọ́ ọmọ sọ́nà. 12, 15 àti 18 ń sọ pé kò yẹ fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá. Aṣọ́nà ilé sinimá lè dá ọmọ ọdún 10 padà. Ta ni yóò dá a padà nígbà tí bàbá bá tan fíìmù 18 ní pálọ̀, tàbí tí fóònù ìyá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru?

Kí ọ̀dọ́ tí ó ti pé ọdún 18 pàápàá má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Òǹkà ń sọ ẹni tí òfin gbà láyè. Kò sọ pé ohun tí ó wà nínú fíìmù náà dára.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ka òǹkà kí ẹ tó tan fíìmù. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ojú àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Àmín.