Eyín Àgbà Tí Kò Hù
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún, Òdòde, Ìdànrè)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, bóyá ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń retí. Eyín ni mo yàn. Kì í sì í ṣe eyín tí ń dunni, bí kò ṣe èyí tí kò wá rárá. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀ yóò ti pàdé ọmọ tí í fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó tó rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í fẹ́ dìde kàwé sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dìde lónìí, àti nítorí ìyá rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń bi pé kí ni ó jẹ nígbà tí ó lóyún.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, bí eyín ọmọdé bá jábọ́, ọmọ náà a jù ú sórí òrùlé, a sì ṣọ́ra kí alángbá má rí i, nítorí wọ́n ní bí alángbá bá rí i, òmíràn kò ní hù mọ́. Eré dáradára ni, n kò sì wá láti gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí eyín bá kọ̀ tí kò hù lóòótọ́, ọwọ́ alángbá mọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Eyín 20 ni ọmọdé í kọ́kọ́ hù. Eyín àgbà jẹ́ 32, bí a bá ka àwọn 4 tí í hù kẹ́yìn lẹ́yìn ọdún 17 mọ́ ọn. Olúkúlùkù eyín àgbà ni ó ní kóró tirẹ̀ nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ó ti ń dàgbà ní ìkọ̀kọ̀ kí ó tó yọjú. Ilẹ̀ kòkó ni tiwa, nítorí náà ẹ ó tètè lóye mi: bí a bá gbẹ́ ihò mẹ́wàá, tí a kò sì fi kóró sí ọ̀kan, bí òjò rọ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀, igi kan kò ní hù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn tí mo ń wí yìí. A bí wọn láìsí kóró eyín kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìran ni ó sábà máa ń wà. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àbùkù kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní MSX1 ni ó fà á nínú ẹbí kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti rí àwọn jíìnì mìíràn bíi PAX9 àti WNT10A. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe oúnjẹ tí ìyá jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣọ̀wọ́n. Bí a kò bá ka àwọn eyín 4 tí ó gbẹ̀yìn, bí ènìyàn 6 nínú 100 ni ó ní irú àléébù yìí, àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ díẹ̀. Eyín karùn-ún láti àárín nísàlẹ̀ àti eyín kejì láti àárín lókè ni ó sábà máa ń sọnù. Èyí tí ó wà lókè yìí ni ó ń ba ẹ̀rín jẹ́.

Níhìn-ín ni èjí ti máa ń tàn wá jẹ. Ẹwà ni èjí láàrin wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí eyín kejì lókè kò bá sí, àwọn méjì iwájú lè sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn nítorí àyè tí ó ṣófo, gbogbo ilé a sì máa yin ọmọ náà pé ó ní èjí. Ẹ máa yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ ka eyín rẹ̀.

Àwọn kan wà tí eyín 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò sí lẹ́nu wọn. Bí irun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fọ́nká, tí ara rẹ̀ sì gbẹ tí kì í làágùn, kí òbí tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ara tí kò lè làágùn a máa gbóná púpọ̀ nínú oòrùn tiwa yìí, a ó sì máa fún ọmọ ní oògùn ibà nígbà tí ó jẹ́ pé omi tútù àti ibòji ni ó ń fẹ́.

Báwo ni òbí yóò ṣe mọ̀? Láti nǹkan bí ọdún 6 ni eyín àgbà ti ń yọ. Àwọn ti iwájú a yọ tán kí ọmọ tó pé ọdún 9 tàbí 10, àwọn karùn-ún láàrin ọdún 10 sí 12. Bí eyín kan bá ti hù ní apá kan, tí oṣù 6 sì kọjá tí ẹnìkejì rẹ̀ ní apá kejì kò tí ì yọjú, kí a lọ ya àwòrán X-ray. Àwòrán náà ni yóò sọ bóyá eyín náà há sínú egungun ni tàbí kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí ìtọ́jú méjèèjì kò rí bákan náà.

Wàyí o, ìtọ́jú. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ má ṣe fa eyín ọmọdé yọ nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu. Bí kò bá sí kóró lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì dúró ṣinṣin, ó lè bá olówó rẹ̀ dé ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún. Ẹ máa fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí àyè bá ti ṣófo, oníṣègùn eyín lè fi wáyà fa àwọn tí ó kù súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí àyè náà yóò fi dí. Ó lè gba ọdún méjì, ó sì ń fẹ́ sùúrù, ṣùgbọ́n eyín ẹni gan-an ni a ó máa lò. Ọ̀nà kejì ni eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ lálẹ́. Òun ni owó rẹ̀ rọjú jù. Ọmọ tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ rárá lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó láti nǹkan bí ọdún 3 tàbí 4, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Àwọn mìíràn a máa lẹ eyín kan mọ́ ẹ̀yìn èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìgé eyín tí ó wà lẹ́nu tàbí kí wọ́n kàn há a díẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí fún ọ̀dọ́ ju kí a gé eyín méjì tí ara wọn le láti gbé ọ̀kan dúró. Ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ yẹra fún àwọn tí ń lẹ eyín mọ́ erìgì ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Eyín tí a kò lè yọ fọ̀ ń kó oúnjẹ pamọ́, a sì máa ba èyí tí Ọlọ́run fún ni jẹ́.

Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù nísinsìnyí ni kí a rì ìdè titanium bí ìṣó sínú egungun, kí a sì gbé eyín lé e. Ní ìlú Gothenburg ní Sweden, ní ọdún 1965, ni ọ̀jọ̀gbọ́n Per-Ingvar Brånemark kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn. Ẹni tí ó ṣe é fún, Gösta Larsson, jẹ́ ọkùnrin tí a bí pẹ̀lú àléébù ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àìpé eyín. Ó sì lò ó títí ó fi kú ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é fún ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, nítorí ìṣó náà kì í bá egungun lọ. Bí ọmọ bá ga sí i, eyín náà yóò dà bí ẹni tí ó rì sẹ́yìn. Kí ọmọbìnrin tó nǹkan bí ọdún 18, kí ọkùnrin tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ fún ọmọ ọdún 13 pé kí a lọ rì ìṣó fún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá egungun rẹ̀ ti gbó.

Ní ọdún 2024, àwọn oníṣègùn ní Kyoto ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí dán oògùn kan wò lára ènìyàn, tí wọ́n nírètí pé yóò mú eyín tuntun hù. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí rẹ̀ dá ìtọ́jú ọmọ dúró.

Ìtọ́jú kò jìnnà sí wa bí ti àtijọ́. Yàtọ̀ sí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìdí-Àràbà ní Èkó, Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní ọdún 2015 ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ wo ẹnu ọmọdé tí ó lé ní 1,000, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2014: ó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin wọn tí eyín wọn ní àléébù ìdàgbà kan tàbí òmíràn.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà àti omi ni kí Ẹgbẹ́ kọ́kọ́ mójú tó. N kò bá wọn jà. Àbá mi kéré: kí Ẹgbẹ́ pe oníṣègùn eyín kan lọ́dọọdún, kí ó wo ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Òdòde, Aládé àti Atòsìn, kí a sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún X-ray àwọn tí òbí wọn kò lágbára. Mo ti fi í lé akọ̀wé lọ́wọ́ ní kíkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo ṣe tán láti dáhùn.