"Ara Le" Ẹnu Kò Tó

  Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń di ọkọ́ mú ni.

Bí a bá bi àgbẹ̀ pé, "Ṣé ara le?", kíá ni yóò dáhùn pé, "Ara le, a dúpẹ́." Ìdáhùn yẹn ní ìwúlò tirẹ̀. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì, Idler àti Benyamini, gbé ìwádìí 27 yẹ̀ wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó fẹnu ara wọn sọ pé ara àwọn kò le ni ikú ń tètè mú, àní láàrin àwọn tí àìsàn tí dókítà rí lára wọn jọra. Nítorí náà, bí ìyá bá ń sọ lemọ́lemọ́ pé, "Ó ń rẹ̀ mí," ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹni tó ní ara òun le ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá fà á tu la ó rí i pé ti inú ilẹ̀ ti rà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ṣe lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìro ni, títí yóò fi di rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn kíndìnrín. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé nínú àgbàlagbà 100 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí 46 ni kò mọ̀ rárá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ o. Aboyún tó bá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 35 lè má fojú kan ẹ̀rọ náà rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ló sábà máa ń tètè ru ju ti obìnrin lọ. Ẹ̀yin ìyá, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, tiyín náà á máa gòkè.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

Èkíní, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú.

Èkejì, kí iyọ̀ ẹnì kan má kọjá ṣíbí kékeré kan lójúmọ́. Ti inú mágí wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti oko dé. Púpọ̀ nínú wọn ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Oògùn yẹn ló mú un fúyẹ́.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí yín lè ṣe àyẹ̀wò yìí. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù, ti Babcock sì wà ní Ìlíṣàn.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé yín kí ẹ tó ka owó. Bí rọpárọsẹ̀ bá dá ẹni tó yáwó ajílẹ̀ dùbúlẹ̀, onídùúró rẹ̀ ni yóò máa san gbèsè, oko rẹ̀ á sì di igbó.

Ọdún á yabo, a ó fi ara líle kórè o. Ó dìgbà.